YINNI YINNI, KẸ́NI Ó LÈ ṢE ÒMÍRÀN
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe podcast nínú ìjọ Ọlọ́run

Iṣẹ́ kan wà tí ó ti gbòde láàrin wa báyìí, pàápàá láàrin àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn abiyamọ tí wọ́n ní ẹ̀bùn ìkọ́ni, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni podcast. Arákùnrin kan yóò gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, yóò sì sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí bí a ti ń tọ́ ọmọ ní ọ̀nà Olúwa. Arábìnrin kan yóò máa sọ ìtàn Bíbélì fún àwọn ọmọdé ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston má baà sọ èdè baba wọn nù. Wọn a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná ọ̀tun. Apá kìn-ín-ní á jáde, apá kejì á tẹ̀lé e, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin á máa kan sáárá sí wọn. Nígbà tí yóò bá fi di apá keje tàbí ìkẹjọ, ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, oṣù kan á kọjá, a kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà ti fún àìsàn yìí lórúkọ. Podfade ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí aṣọ tí a ń sá sóòrùn lójoojúmọ́ bá ń ṣá díẹ̀díẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọjọ́ náà gan-an tí àwọ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ló ń fà á? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé owó dátà ni, tàbí iná mànàmáná, tàbí àìráyè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a óò rí i pé àti àwọn tí wọ́n dáwọ́ dúró, àti àwọn tí wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, iná kan náà ni wọ́n ń mú lọ mọ́ wọn lójú, iye kan náà ni wọ́n sì ń ra dátà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé àwọn kan ń dúró de ọjọ́ tí èrò yóò pé kí wọ́n tó yọ̀, nígbà tí àwọn kejì ti kọ́ bí a ṣe ń yọ̀ sí ohun kékeré tí ọwọ́ ti tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nìyí.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ TÍ KÒ NÍ TÉÈPÙ NÍNÚ

Fún àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n lè máa béèrè pé kí ni podcast, ẹ jẹ́ ká rán wọn létí kásẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, bí ìsìn bá ti parí, tábìlì kan á wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè kúrò ní Iléṣà kó dé Kàdúná, kí ẹni mẹ́wàá sì ti dà á kọ kí ó tó padà. Ẹ̀gbọ́n podcast ni kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹni tí ó ń ṣe podcast yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, yóò gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi ìpamọ́ yẹn yóò sì máa fi tó gbogbo fóònù tí ó ti forúkọ sílẹ̀ létí pé ọ̀rọ̀ tuntun ti dé. Ó dà bí fẹ́ńdọ̀ tí ń gbé ìwé ìròyìn wá bá ẹni lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é. Olùgbọ́ lè fà á sórí fóònù rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kó sì gbọ́ ọ nínú mọ́tò níbi tí kò sí.

Iṣẹ́ náà kò tíì dàgbà púpọ̀. Dave Winer ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí wọ́n la ọ̀nà tí ohùn ń gbà lọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Adam Curry, tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n MTV, wà lára àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ní 2004. Ní ọdún 2004 yẹn kan náà ni Ben Hammersley kọ orúkọ náà, podcasting, sínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà 2005, ilé iṣẹ́ Apple fi í sínú iTunes, ó sì di ohun tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà pàápàá lè rí gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní, tí ẹ̀yin kò ní. Wọ́n ń rí ojú ẹni tí ó rà á. Oníwàásù orí pẹpẹ ń gbọ́ "Àmín", ó ń gbọ́ "Halelúyà", ó ń rí ìyá àgbà tó ń mi orí níwájú, ó ń rí ẹni tó ń sùn lẹ́yìn pẹ̀lú (ìyẹn náà sì wúlò fún un). Ẹni tí ó ń ṣe podcast, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú ohùn, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, àkùkọ aládùúgbò ń kọ, ó ní láti tún gbólóhùn kan sọ lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí jẹnẹrétọ̀ ẹni ẹ̀gbẹ́ ilé. Nígbà tí ó bá parí, kò sí Àmín. Ohun tí ó rí lórí fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ni nọ́ńbà kan: méje.

MÉJE YẸN

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí méje yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni Èṣù ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ènìyàn méje bá wá sí pálọ̀ yín ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu yín, ǹjẹ́ ẹ óò sọ pé kò sí ẹnì kankan? Ẹ óò ya àga lọ́wọ́ aládùúgbò ni. Ẹ óò gbé omi tútù sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ óò sì jẹ́rìí nínú ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ pé ìpàdé ilé yín ń dàgbà. Ṣùgbọ́n nítorí pé méje yìí wà nínú fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó wá dà bí ohun ìtìjú.

Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà náà kì í sọ gbogbo òótọ́. Iye ìgbà tí a fa ohùn náà sórí fóònù ló ń kà, kì í ṣe etí. Ẹnì kan lè fà á kó má gbọ́ ọ láéláé. Ẹlòmíràn sì lè fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tan án ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà àti oníbàárà mẹ́ta jọ gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà yẹn ṣe òṣùwọ̀n ayọ̀ rẹ̀, òṣùwọ̀n tí kò péye ló gbé lọ sọ́jà.

ṢÉ KÒ JẸ́ Ẹ̀ṢẸ̀ LÁTI YIN ARA ẸNI?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, "Èrè wa ń bẹ ní ọ̀run. Ìfẹ́ ara ni kí ènìyàn máa ṣe ara rẹ̀ lóore nítorí iṣẹ́ Olúwa." Ìbéèrè tó dára ni, kò sì yẹ kí a fò ó dá.

Lóòótọ́ ni èrè ńlá ń bẹ ní ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin tí Ọlọ́run fi lélẹ̀ nípa màlúù nínú Deutarónómì 25:4, èyí tí Pọ́ọ̀lù tún mú wá nínú 1 Tímótì 5:18. Ọlọ́run kò fẹ́ kí wọ́n di ẹnu màlúù náà nígbà tí ó bá ń pa ọkà. Ẹ kíyè sí ìgbà tí ó ń jẹun: nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ìkórè tán sínú àká. Ẹ kíyè sí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: ẹnu kan níhìn-ín, ẹnu kan lọ́hùn-ún. Màlúù tí ó bá jókòó ti odindi ìdì ọkà kò ní pa ọkà mọ́.

Ẹ tún wo Sámúẹ́lì. Nínú 1 Sámúẹ́lì 7, Olúwa fún Ísírẹ́lì ní ìṣẹ́gun lórí àwọn Fílístínì, Sámúẹ́lì sì gbé òkúta kan kalẹ̀ láàrin Mísípà àti Ṣénì, ó pè é ní Ẹbẹnésérì, láti jẹ́rìí pé ibi tí wọ́n dé yẹn, ìrànlọ́wọ́ Olúwa ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ogun ti parí bí? Rárá o. Nígbà tí ẹ bá fi ka orí 13, àwọn Fílístínì ti padà dé, Gòláyátì fúnra rẹ̀ kò sì tíì yọjú títí di orí 17. Síbẹ̀, Sámúẹ́lì kò sọ pé òun yóò dúró kí Gòláyátì kú ná kí òun tó gbé òkúta kalẹ̀.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti Ẹ́sírà orí 3. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀lé fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì lélẹ̀, àwọn àlùfáà wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n fun ìpè, àwọn ọmọ Ásáfù lu kíńbálì, gbogbo ènìyàn sì hó ìhó ayọ̀ débi pé a gbọ́ ariwo wọn lókèèrè. Ìpìlẹ̀ lásán! Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n rántí ilé ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ ń sunkún. Iṣẹ́ náà sì dúró lẹ́yìn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò parí títí di ọdún kẹfà ìjọba Dáríúsì (Ẹ́sírà 6:15), nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ìhó ayọ̀ yẹn. Ní àkókò tí ọwọ́ ti rọ yìí gan-an ni Ọlọ́run gba ẹnu Sekaráyà bi àwọn tí wọ́n ń fojú kéré ọjọ́ ohun kékeré léèrè ọ̀rọ̀ (Sekaráyà 4:10). Ẹ̀yin tí ẹ ń wo méje yẹn pẹ̀lú ìbànújẹ́, ọ̀rọ̀ yín ló ń sọ.

Àwa Yorùbá gan-an mọ èyí kí podcast tó dé. Bí a bá ń kọjá lọ́nà, tí a rí bíríkìlà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, a kì í dúró dìgbà tí ó bá kan páànù kí a tó kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ni a ń sọ, òun náà á sì gbé orí sókè, á rẹ́rìn-ín, á tún gbé ṣọ́bìrì. Ta ni kò mọ̀ pé ìkíni yẹn ń fi agbára kún agbára? Ẹni tí ó ń ṣe podcast ni kò ní ẹni tí ń kọjá lọ́nà. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má kí i fún oṣù mẹ́fà.

Àwọn tí wọ́n mú ìhìn rere wá ní èdè wa pàápàá, apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé jáde. Ìwé Róòmù tí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850. Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Ọdún 34 ló wà láàrin méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan tó yẹ ká yọ̀ sí títí odindi yóò fi pé, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ìgbà náà ni ì bá kú láìfi èdè wọn ka ojú ewé kan.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Ní 2011, Teresa Amabile àti Steven Kramer gbé ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní The Progress Principle. Wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ 238 ní ilé iṣẹ́ méje máa kọ bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti rí fún wọn sílẹ̀, wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000. Nínú gbogbo ohun tí ó ń mú inú òṣìṣẹ́ dùn lóòjọ́, èyí tí ó borí ni pé kí ó rí i pé òun ti sún síwájú nínú iṣẹ́ tí ó nítumọ̀ fún òun, ìbáà ṣe ìsúnsíwájú kékeré. Ẹni tí kò bá sì sàmì sí ibi tí ó dé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ti sún?

Ìwádìí kejì wà tí ó yẹ kí a gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ó jẹ́ ìkìlọ̀. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett dán nǹkan wò pẹ̀lú àwọn ọmọ jéléósinmi kan ní Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi bíró aláwọ̀ oríṣiríṣi yàwòrán ni wọ́n ṣà. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn kan pé bí wọ́n bá yàwòrán, àwọn yóò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí a fi ìràwọ̀ wúrà àti ríbọ́ọ̀nù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn kan yàwòrán láìsí ìlérí, ṣùgbọ́n wọ́n bá ìwé ẹ̀rí pàdé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tán. Àwọn ìyókù kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún gbé bíró wọ̀nyẹn sílẹ̀ níbi eré. Àwọn tí a ti ṣèlérí fún tẹ́lẹ̀ kò lò ó mọ́ bí ó ti yẹ. Àkókò tí wọ́n fi yàwòrán jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti àwọn ọmọ yòókù. Ohun tí wọ́n ń fi ayọ̀ ṣe ti di iṣẹ́ owó. Àwọn tí wọ́n bá ẹ̀bùn pàdé láìròtẹ́lẹ̀ kò sì pàdánù nǹkan kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí àwọn ọmọ tí a ń ra bisikíìtì fún kí wọ́n tó ka Bíbélì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ podcast là ń bọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàrin owó iṣẹ́ àti kú iṣẹ́. Owó iṣẹ́ ń sọ pé bí n kò bá rí èyí, n kò ní ṣe é. Kú iṣẹ́ ń sọ pé mo ti ṣe é, ẹ jẹ́ ká yọ̀. Ìkejì ni a ń wàásù rẹ̀ fún yín.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ gbé òkúta yín kalẹ̀ sórí ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ yín. "Bí mo bá ní ẹgbẹ̀rún olùgbọ́" kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni. "Bí mo bá gbé apá karùn-ún jáde" wà ní ìkáwọ́ yín. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba fún ara yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ tí ó wà lára ògiri yín tó fún un. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jáde, kí ẹ fi bíró pupa fa ìlà yí ọjọ́ náà ká. A mọ arábìnrin kan ní Ìbàdàn tí agolo Bournvita tó ti tán ni ó ń lò. Bí apá kan bá ti jáde, ó ń ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú rẹ̀. Kì í wo nọ́ńbà ní ọjọ́ náà rárá. Ó ní nígbà tí àárẹ̀ bá mú òun, òun á gbé agolo náà, òun á mì í. Ó ti ń wúwo báyìí.

Ẹ tún mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù fún yín, kí ẹ gbé ohun dídùn sẹ́yìn ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ sísọ kò le. Títún ohùn náà ṣe ló le: kí a máa gé ibi tí a ti húkọ́, ibi tí ọmọ ti kígbe, ibi tí a ti gbàgbé ohun tí a fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè gba wákàtí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń kú sí, tí ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ń jókòó sínú fóònù bí iyán àná. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ súyà nítorí pé ẹ sọ̀rọ̀ tán. Ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá tún un ṣe tán.

Kí ohun náà kéré, kí ó sì bá ìwọ̀n iṣẹ́ mu. Lẹ́yìn apá kan, ìlà pupa ti tó. Lẹ́yìn márùn-ún, mọ́ínmọ́ín gbígbóná àti mọ́ọ̀tì tútù kò pọ̀ jù, tàbí kí ẹ sùn di aago mẹ́jọ ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Ẹni tí ó bá fún ara rẹ̀ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí apá kan ṣoṣo ń fi èrè pa iṣẹ́. Ẹ má sì jẹ èrè ní àwìn. Súyà tí a jẹ ṣíwájú iṣẹ́, gbèsè ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìyí, ojú wa sì le díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan kò tíì sọ gbólóhùn kan, wọ́n ti ná owó gọbọi sórí maikirofóònù ńlá, iná aláràbarà àti àga. Ẹ yí i padà. Ẹ fi fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ibi tí ẹ ń kó aṣọ sí, kí ẹ jókòó láàrin àwọn agbádá àti ìró. Aṣọ nípọn ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kó máa dún padà bí ohùn inú àgbá. Nígbà tí ẹ bá pé apá mẹ́wàá, kí ẹ wá ra maikirofóònù kékeré tí a ń so mọ́ aṣọ. Yóò jẹ́ ẹ̀bùn, yóò sì tún ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe mẹ́wàá pẹ̀lú fóònù yóò mọ ohun tí ó fẹ́ rà.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀bùn pàápàá kò dùn lẹ́nu yín mọ́, kì í ṣe ẹ̀bùn ló kù, ìsinmi ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun orí òkè Kámẹ́lì, Èlíjà sá lọ sínú aginjù, ó ní kí ẹ̀mí òun lọ (1 Àwọn Ọba 19). Áńgẹ́lì tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ bá a wí. Àkàrà tí a dín lórí ẹyín iná àti ìkòkò omi ló gbé wá, Èlíjà jẹ, ó sùn, áńgẹ́lì náà tún jí i kó jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ lè ṣètò ìsinmi yín ṣáájú: kí ẹ sọ fún àwọn olùgbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá mẹ́jọ ni sáà yìí yóò jẹ́, kí ẹ ṣe mẹ́jọ, kí ẹ dágbére, kí ẹ sì dá oṣù tí ẹ óò padà wá. Ẹni tí ó dágbére ti parí iṣẹ́ kan, ó sì lè dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó kàn dákẹ́ ló ṣá.

ÀWỌN ARÁ ILÉ ŃKỌ́?

Nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ta ló ń fẹsẹ̀ lé ilẹ̀ jẹ́jẹ́? Ta ló gbé ọmọ kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò? Ta ló jókòó nínú ooru nítorí pé ẹ ti pa fáànù? Ìyàwó tàbí ọkọ yín ni, àti àwọn ọmọ yín. Àwa gbà pé àwọn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fún ní mọ́ínmọ́ín náà. Ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sọ fún wọn pé, "A pé apá karùn-ún lónìí, nítorí pé ẹ dákẹ́ ni." Ẹ óò rí i bí wọn yóò ti máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ tí ó ń ṣe podcast lórí ìfẹ́ nínú ilé, tí ìyàwó rẹ̀ kò sì rí "o ṣeun" gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á máa fi irú wọn sínú àdúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbọ́, iṣẹ́ wà fún ẹ̀yin náà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ran yín lọ́wọ́ nínú mọ́tò tàbí ní ìdí ààrò, ẹ má ṣe gbé e mì kí ẹ dákẹ́. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lórí WhatsApp, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ ní pàtó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni náà. Àmín tí kò gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, nígbà tí àkókò ẹ̀rí bá tó, ẹ lè fún ẹni tí ó ṣe apá karùndínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú méjì bí ẹ ti ń fún ẹni tí ó ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ má máa gbé àwòrán nọ́ńbà rẹ̀ kiri ojú òpó. Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń fun fèrè ṣíwájú ọrẹ wọn nínú Mátíù 6.

FÚN ẸNI TÍ Ó TI DÁKẸ́

Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti dákẹ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ojú ń tì yín láti padà, nítorí ẹ rò pé ẹ ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Àwọn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ kò tíì lọ. Fóònù wọn ṣì ń dúró dè yín, ọ̀rọ̀ yín yóò kàn yọ sí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni. Ẹ má ṣe gbèrò apá ńlá oníwákàtí kan láti fi san gbèsè oṣù mẹ́rin. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹ ṣe, lórí ẹsẹ Bíbélì kan tàbí ohun kan tí Ọlọ́run kọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ jí ní aago márùn-ún ìdájí kí àkùkọ àti jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi bíró pupa yí ọjọ́ náà ká. Lẹ́yìn náà, ẹ tan fáànù, ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ mu omi tútù.